Ọwọ́ Tó Mọ Ọmọ Ìrókò

Ẹni tí yóò ro ìdí igi nínú igbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí kò gbọdọ̀ gé. Iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú igi tó lalẹ̀ hù wù mí púpọ̀, nítorí ojú inú ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹ wo ìrókò. Ọmọ rẹ̀ kò jọ ìyá. Ewé ìrókò tó ti dàgbà ń dán, etí rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ti ọmọ rẹ̀ rí ṣákaṣàka létí bí eyín ayùn, ó sì ń họni lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi àdá gbá a lọ mọ́ koríko. Ẹni tó mọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fọwọ́ pa ewé náà wò, á fi èékánná họ ara igi rẹ̀ díẹ̀. Bí oje funfun bá yọ, àdá yà fún un nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni yóò gbójú sókè. Lábẹ́ igbó kìjikìji, ọmọ ìrókò á hù, á sì kú, torí kò rí oòrùn. Bí orí igbó bá sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìtàkùn àti ewé Akíntọ́lá ni yóò gba ibẹ̀. Àlàfo tí igi kan tó wó fi sílẹ̀ sábà máa ń tó o. Nítorí náà, kìkì ohun tó bo ọmọ ìrókò mọ́lẹ̀ ni ẹni tó mọṣẹ́ ń gé, díẹ̀díẹ̀.

Lọ́dún 1944, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó jọ èyí ní Nàìjíríà: wọ́n ń gé ìtàkùn, wọ́n ń fi májèlé pa igi tí kò níye lórí lójú wọn, kí oòrùn lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ igi gẹdú. Níbi púpọ̀, ìtàkùn ló jèrè rẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn kan nínú igi tí wọ́n pa wá di ọjà gidi lẹ́yìn náà.

Nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, igbó ti hù padà sórí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń ro tẹ́lẹ̀. Irú igbó bẹ́ẹ̀ kì í padà bí ìyá igi kò bá sí nítòsí. Àdán ló ń jẹ èso ìrókò, tó ń gbé hóró rẹ̀ káàkiri. Atẹ́gùn ló ń gbé ti igi arère. Arère kì í sì í so dáadáa lọ́dọọdún, hóró rẹ̀ kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á wo orí rẹ̀ dáadáa kó tó jẹ́ kí ayùn kan ìdí rẹ̀. Bó bá so, á ní kí wọ́n dúró títí èso yóò fi já tán.