Èdè tí Hountondji fi gba ẹ̀bùn

Bí a bá ń ka àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó gba ẹ̀bùn ńlá lókè òkun, a máa ń dárúkọ Paulin Hountondji, tó gba ẹ̀bùn Herskovits ní Amẹ́ríkà ní 1984. A kì í sọ èdè tó fi gbà á. Faransé ni ó fi kọ ìwé náà, Paris ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ti 1983, tí Henri Evans túmọ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Jonathan Rée, ni ó gba ẹ̀bùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ohun tí ìwé náà ń sọ gan-an. Ó bá àwọn onímọ̀ Áfíríkà wí pé àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ń kọ̀wé fún, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn jiyàn. Síbẹ̀, ìgbà tí ìwé náà wọ Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà tó dá a lọ́lá. Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà jẹ́ kí ará Ìbàdàn àti Accra lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ Ica ní Agoua ṣì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà Faransé kó tó dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa kọ èdè iṣẹ́ àti orúkọ ògbufọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún ẹ̀bùn. Ní ìlà Angélique Kidjo, tó gba Grammy 5, a ó rí Fọ̀n àti Yorùbá. Ní ti Hountondji, a ó rí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ wa ni láti wádìí ohun tó fa ìyàtọ̀ náà.