Ta Ló Rán Snake Níṣẹ́? Lámèyítọ́ lórí Metal Gear Solid: Special Missions

Ní èdè Yorùbá, a lè ṣe iṣẹ́, a sì lè jẹ́ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló pín méjèèjì níyà. Àgbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ nínú oko rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ ní ẹni tó rán an, ó sì ní ẹni tí wọ́n rán an sí. Bí àwọn àgbà bá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, òwe náà kò lè dúró bí a bá yọ ẹni tó ránni kúrò nínú rẹ̀. Èdè Faransé tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ kò jìnnà sí èyí. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn tó túmọ̀ sí “rán” ni *mission* ti wá, òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ wa kì í sì í lọ sí *mission* láìgba *ordre de mission* tí ọ̀gá fọwọ́ sí. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi yẹ eré fídíò kan wò, eré tó ní iṣẹ́ 300 nínú, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹ̀dá-ìtàn kankan tó rán wa ní ọ̀kan nínú wọn.

Ọdún 1998 ni Metal Gear Solid kọ́kọ́ jáde fún PlayStation. Konami, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan, ló ṣe é. Hideo Kojima ni olùdarí rẹ̀. Ọdún 1999 ló dé Yúróòpù, pẹ̀lú ẹ̀dà tí wọ́n fi ohùn Faransé sí. Ohùn yẹn ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi mọ̀ ọ́n ní Àjàṣẹ́, lórí ẹ̀rọ àlòkù. Nínú ìtàn náà, Ọ̀gágun Campbell rán Snake lọ sí erékùṣù Shadow Moses ní Alaska, níbi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba ibùdó ohun ìjà átọ́míìkì. Kì í ṣe ìjà ni iṣẹ́ Snake bí kò ṣe ìyọ́rìn: kí ó wọlé, kí ó gba àwọn tí wọ́n mú sílẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ má rí i. Bí ìtàn ṣe ń lọ ni a ń rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán an kò pé. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ tó ní kòkòrò àrùn nínú láìsọ fún un. Àwọn ọ̀gá sì ń wá ohun mìíràn tí wọn kò dárúkọ. Ìbéèrè tó gbé gbogbo eré náà dúró ni èyí: kí ni ojúṣe ìránṣẹ́ nígbà tí ẹni tó rán an bá purọ́ fún un?

Lọ́dún 1999 kan náà ni àfikún rẹ̀ jáde. Ní Japan, òun ni àwo kẹta nínú àkójọ tí wọ́n pè ní Integral. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ ni VR Missions. Ní Yúróòpù, Special Missions. Ẹ̀dà ti Yúróòpù kì í dá ṣiṣẹ́: a ní láti fi àwo eré àkọ́kọ́ sínú ẹ̀rọ kí ó tó gbà wá wọlé, kí a tún wá dá ti àfikún padà. Bí mọ́fíìmù afarahẹ ló ṣe rí, tí kò lè dá dúró láìsí ọ̀rọ̀ tó fara tì. Mo rò pé ẹ̀rọ náà sọ òótọ́ kan nípa eré yìí tí ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kò sọ.

Ayé VR, ayé tí kọ̀ǹpútà yà, ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Kò sí yìnyín, kò sí ilé, kò sí ẹnu tó ń sọ ìtàn. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan ló léfòó nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ògiri díẹ̀, ẹ̀ṣọ́ díẹ̀, àti ibi kan tí a gbọ́dọ̀ dé. Abala ìyọ́rìn ló dára jù, mo sì fẹ́ yìn ín dáadáa. Ìlànà tó wà nínú eré àkọ́kọ́ kò pọ̀: réédà ń fi ibi tí ojú ẹ̀ṣọ́ dé hàn, ilẹ̀ kan ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, òmíràn kì í dún, bí a bá kan ògiri, ẹ̀ṣọ́ á wá wo ohun tó dún. Nínú eré àkọ́kọ́, ìlànà wọ̀nyí ń bọ̀ lọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀rù àti ọ̀rọ̀. Nínú àfikún, ipele kan lè yàtọ̀ sí èkejì pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ kan tàbí ògiri kan péré, bí a ṣe ń to *ọkọ*, *ọkọ́* àti *ọkọ̀* sí ara wọn kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe. Kò sí ìwé tó lè fi hàn wá ní kíákíá báyìí pé ìyọ́rìn ní gírámà.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àmì ìyanu tó máa ń yọ lórí ẹ̀ṣọ́ nígbà tó bá rí wa, pẹ̀lú ìró rẹ̀ tí gbogbo ẹni tó ti ta eré yìí mọ̀. Ní Shadow Moses, ọ̀rọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: wọ́n á lé wa, a ó sá, a ó fara pamọ́, ẹ̀ṣọ́ á wá wa títí, á sú wọn, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú abala ìyọ́rìn ti àfikún, bí wọ́n bá rí wa, ó parí, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Àmì kan náà ni, ìró kan náà ni, ṣùgbọ́n kò ju ìlà pupa tí olùkọ́ fà sínú ìwé ìdánrawò lọ. Lẹ́yìn ìdánrawò, wọ́n á tún fún wa ní ipele kan náà pẹ̀lú aago. Sùúrù tó jẹ́ ọkàn ìyọ́rìn á wá di eré sísá: a kò wo ẹ̀ṣọ́ mọ́, a ti há ìrìn rẹ̀ sórí.

Nígbà tí a bá dé abala ohun ìjà, ìyọ́rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìbọn, bọ́ǹbù, ohun tí a ó fọ́, àti aago ló kù. Ohun tó wú mi lórí ni pé àwọn tó ṣe eré náà fúnra wọn kò lè fara da òfìfo yìí títí dé òpin. Ní abala àkànṣe, ìtàn gba ojú fèrèsé wọlé. Wọ́n pa sójà kan, àwa la ó wá apànìyàn rí. Sójà kan ga bí ilé. Ninja tí a bá jà nínú eré àkọ́kọ́ di ẹni tí àwa fúnra wa ń darí. Ẹ̀fẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ni mo rántí jù, nítorí ẹnì kan ní ohun kan láti fẹ́ níbẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ìdánrawò ni ìdánrawò, pé kò yẹ kí a bi í léèrè ìtàn. Kojima àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dáhùn. Nínú Metal Gear Solid 2, tó jáde lọ́dún 2001, wọ́n fún wa ní Raiden, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní òun ti parí iṣẹ́ VR 300. Iye tó wà nínú àfikún gan-an ni. Ó mọ gbogbo ìlànà. Ọ̀gágun kan ń rán an níṣẹ́, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ní ìgbẹ̀yìn ló wá mọ̀ pé ẹni tó ń rán òun kì í ṣe ènìyàn rárá; ẹ̀rọ ni. Gbogbo ìdánrawò rẹ̀ ti kọ́ ọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́, kò sí ọ̀kan tó kọ́ ọ láti béèrè ẹni tó ránni. Àwa tí a ta àfikún náà parí ni wọ́n ń bá wí.

Èmi náà gba ìbáwí yẹn. Nígbà tí mo ń gba gbólóhùn sílẹ̀ ní Kétu, mo ní ìwé ìbéèrè tí gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ dá dúró, kò sí èyí tó mọ èkejì. Mo ka ọ̀kan sókè ní Faransé, mo bẹ bàbá àgbà kan pé kí wọ́n bá mi sọ ọ́: ọmọ kan ń jẹ́ iṣẹ́. Bàbá wò mí, wọ́n ní: “Ọmọ mi, ta ló rán an?” Mo ní: “Ẹ má bínú, Bàbá, kò sí nínú ìwé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ gbólóhùn náà fún mi. Gbólóhùn náà tọ̀nà, mo ti lò ó nínú iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè Bàbá ni mo kọ sí etí ìwé náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí Special Missions, ẹ ta abala ìyọ́rìn rẹ̀. Yóò kọ́ yín ní ohun tí eré àkọ́kọ́ kò ní àyè láti ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà, ẹ dá àwo àkọ́kọ́ padà sínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì tẹ́tí sí Campbell nígbà tó bá ń rán Snake níṣẹ́. Ẹ ó gbọ́ ohun tí kò sọ.