Ta Ló Kọ́ Pigafetta Lọ́rọ̀?

Bí a bá dárúkọ ìwé tí Antonio Pigafetta, ará Ítálì, kọ nípa ìrìn-àjò ọkọ̀ Sípéènì tí Magellan kó yí ayé ká, ebi ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń rántí. Wọn ò jẹ̀bi. Oṣù 3 àti ọjọ́ 20 ni wọ́n lò lórí òkun Pàsífíìkì láìrí oúnjẹ tuntun. Bisikíìtì ti di lẹ́búlẹ́bú, kòkòrò kún un, ó ń rùn fún ìtọ̀ eku. Omi mímu pọ́n bí ìyeyè. Awọ màlúù tí wọ́n fi bo igi ìgbòkun, wọ́n rẹ ẹ́ sínú òkun fún ọjọ́ 4 tàbí 5, wọ́n yan án lórí ẹyin iná, wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ má pè é ní pọ̀nmọ́ o! Eku pàápàá di ọjà.

Ọkùnrin náà mọ ìtàn sọ. Ṣùgbọ́n ní tèmi tí mo fi iṣẹ́ èdè jẹun, ibi tí àwọn èèyàn máa ń fò ni mo máa ń dúró sí: àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà.

Lọ́dún 1520, ní San Julián, níbi tó di Ajẹntínà lónìí, wọ́n fi ẹ̀tàn mú àwọn ọmọ onílẹ̀ kan. Wọ́n kó ọ̀bẹ, dígí àti agogo kún ọwọ́ wọn, wọ́n wá fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀. Pigafetta jókòó ti ọ̀kan nínú wọn nínú ọkọ̀, pẹ̀lú kálàmù lọ́wọ́: kí lẹ ń pe orí? Kí lẹ ń pe ojú? Ó kọ nǹkan bí 90 ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé inú ọ̀fun ni ìró wọn ti ń jáde. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mi ló mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, máàkì á wọlé dáadáa. Ó wà lára àkọsílẹ̀ èdè àwọn Tehuelche tó pẹ́ jù.

Àmọ́ kí lorúkọ olùkọ́ rẹ̀? Ohun tí ìwé náà sọ ni pé ó gba ìrìbọmi kó tó kú, wọ́n sì pè é ní Paul. Pigafetta bi í ní orúkọ imú, ó bi í ní orúkọ iná. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ò sí níbì kankan. Bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni.

Ẹ má rò pé ó gbàgbé ni. Juan Sebastián Elcano ló kó ọkọ̀ Victoria àti èèyàn bíi 18 padà dé ní 1522. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ó wà lára àwọn tó ṣọ̀tẹ̀ sí Magellan, Pigafetta sì fẹ́ràn Magellan. Lójú tèmi, ìkùnsínú ló gbé orúkọ Elcano mì. Ti ẹni inú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Ẹnì kan á ní bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Koelle tẹ ìwé Polyglotta Africana jáde ní 1854, láti ẹnu àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ní Freetown, títí kan àwọn èèyàn tiwa, ó kọ orúkọ àwọn tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ sílẹ̀, ó sì kọ bí wọ́n ṣe mú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyàtọ̀ náà ò ju ìbéèrè kan lọ.

Ẹ ka Pigafetta o, ìwé gidi ni. Tí ẹ bá dé ibi àkójọ ọ̀rọ̀, ẹ má fò ó. Ẹ rọra kà á, kí ẹ rántí pé ẹnì kan ló ń dáhùn, nínú ìdè.