Ilé Orange Judd àti Ìbéèrè Àwọn Àgbẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Kan

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bá ènìyàn mu ni ó bá ilé ẹ̀kọ́ mu. Ilé tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni Orange Judd Hall ní Wesleyan University, ìlú Middletown, ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1871 ni wọ́n ṣí i fún kíkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé a lè ka ilé bí a ti ń ka ìwé: kí a wo ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àti ẹni tí a gbàgbé.

Bí ilé náà ṣe di ti àgbẹ̀
Orange Judd jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde Wesleyan. Òun náà ni ó ń tẹ American Agriculturist, ìwé ìròyìn àwọn àgbẹ̀, jáde. Ní àkókò náà, àwọn oníṣòwò kan ń ta ajílẹ̀ tí oúnjẹ irúgbìn inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ojú lásán kò lè rí ohun tí ó wà nínú ìyẹ̀fun. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1875, ilé aṣòfin Connecticut fọwọ́ sí 2,800 dọ́là lọ́dún fún ọdún méjì, Judd fi 1,000 dọ́là kún un, Wesleyan sì yọ̀ǹda yàrá àyẹ̀wò inú Judd Hall lọ́fẹ̀ẹ́. Báyìí ni ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ kan dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀, Wilbur Atwater sì ni olùdarí rẹ̀. Ní 1877, ibùdó náà kó lọ sí New Haven.

Ẹnìkan lè sọ pé ọdún méjì kò tó ohun tí a ń pè ní gbòǹgbò. Àríyànjiyàn yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1887, òfin Hatch fi owó ìjọba àpapọ̀ ti irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Èso igi ni a fi ń mọ bí gbòǹgbò rẹ̀ ti jinlẹ̀ tó.

Láti oko dé inú àwo
Atwater kò fi Wesleyan sílẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1890, òun àti Edward Rosa, onímọ̀ físíìsì, kọ́ yàrá kékeré kan sí ìsàlẹ̀ Judd Hall. Ènìyàn a máa gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, a máa jẹun, a máa sùn, a sì máa ṣiṣẹ́, bí wọ́n ti ń wọn ooru ara rẹ̀. Iṣẹ́ Atwater ni a ti rí òǹkà tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kọ́: kálórì 4 nínú gíráàmù purotéènì tàbí oúnjẹ afúnnilókun kan, kálórì 9 nínú ti ọ̀rá.

Ibí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ ti dúró wò dáadáa. Nítorí pé agbára ni Atwater ń wọ̀n, ó ka ẹ̀fọ́ àti èso sí ohun tí tálákà kò gbọdọ̀ náwó púpọ̀ lé lórí. A kò tíì mọ fítámì nígbà náà. 1912 ni Casimir Funk fún un ní orúkọ. Òṣùwọ̀n náà péye, ṣùgbọ́n ohun tí kò lè wọ̀n ni ó kà sí ohun tí kò sí. Olùkọ́ tí ó bá ń fi kálórì nìkan kọ́ni nípa oúnjẹ yóò fi ẹ̀bà ṣáájú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, àṣìṣe àtijọ́ ni yóò sì máa tún kọ́ni.

Ìkádìí
Saikọ́lọ́jì ni wọ́n wá ń kọ́ ní Judd Hall lẹ́yìn náà. Èyí kì í ṣe àbùkù: ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀ ti gba ara kọjá dé inú ọkàn. Àbùkù tí ó wà ni pé orúkọ olówó ni ó wà lára ògiri, ti àwọn àgbẹ̀ tí ìṣòro wọn sọ ibẹ̀ di ibùdó ìwádìí kò sí níbẹ̀. Nílé níbí, 1921 ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Orúkọ aláṣẹ òyìnbó, Ralph Moor, ni ilẹ̀ náà sì ń jẹ́. Ó yẹ kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ dé irú ibẹ̀, kí ó sì bi wọ́n pé: ìṣòro ta ni ó kọ́ ilé yìí? Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tí ó lé ebi lọ kò yẹ ní ẹni ìgbàgbé.