Ẹ̀tù tí Ó Bá Ìbọn Mu

Àwọn àgbà a máa sọ pé ìbọn ní apátí o, kò ní apátí o, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di kátíríìjì mọ̀ pé ìbọn tí ó ní apátí, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí a sì fi igi dáradára ṣe ìdí rẹ̀, bí ẹ̀tù kò bá ti sí nínú rẹ̀, irin lásán ni. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdẹ, tí a bí mi sí ilẹ̀ Yorùbá, tí àtijẹ gbé mi dé Texas ní Amẹ́ríkà, nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nínú dídi kátíríìjì fún ìbọn oníléfà, ìyẹn ìbọn tí a ń fi ọwọ́ fa irin abẹ́ rẹ̀ kí kátíríìjì lè wọlé, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn, tí mo sì bọ̀wọ̀ fún, tó yíyan ẹ̀tù.

Ẹ̀tù dúdú ni bàbá mi ń rọ sínú ṣakabùlà tirẹ̀: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní saltpeter, èyí tí ó ń kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòpọ̀ náà. Bí ó bá ti dún, èéfín a bo ojú ọdẹ, ìdọ̀tí a sì kún inú ọ̀pá. Ní 1884 ni Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi òwú tí a ti fi ásíìdì ṣe iṣẹ́ lé lórí ṣe ẹ̀tù tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, ayé ìbọn sì yí padà láti ìgbà náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Winchester gbé ìbọn oníléfà ti 1894 jáde, èyí tí John Moses Browning, ògbólógbòó alágbẹ̀dẹ ìbọn ìlú Ogden ní Utah, fi ọgbọ́n orí rẹ̀ gbé kalẹ̀, kátíríìjì ẹ̀tù dúdú ni ó kọ́kọ́ ń jẹ. Ó di 1895, lẹ́yìn tí irin tí ó le tó fún ọ̀pá rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́, kí kátíríìjì .30-30 tó dé pẹ̀lú ẹ̀tù tuntun. 30 àkọ́kọ́ ń sọ bí ihò ọ̀pá ti fẹ̀ tó, 30 kejì sì ń sọ iye gréènì ẹ̀tù tí wọ́n ń rọ sí i nígbà náà, nínú gréènì 7,000 tí ó wà nínú ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. Ìtàn ni iye yẹn jẹ́ fún wa lónìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí ẹ̀tù ìgbà náà yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí.

Ẹni tí yóò yan ẹ̀tù fún irú ìbọn yìí ní láti kọ́kọ́ mọ ìwà ìbọn náà. Inú ọ̀pá tí ó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn ni kátíríìjì ń tò sí, tí imú ọ̀kan ń kan ìdí èkejì, níbi tí ohun tí ń ṣáná sí ẹ̀tù wà. Ìdí nìyí tí imú ọta rẹ̀ fi ń rí pẹrẹsẹ, kí ìbọn má baà ta lódì nígbà tí ó bá tini léjìká. Ìbọn náà kì í sì í gba ipá tí ó pọ̀ jù: 42,000 pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni òpin tí a là sílẹ̀ fún .30-30, nígbà tí .308, kátíríìjì tí ọ̀pọ̀ ìbọn ọdẹ òde òní ń jẹ, ń gba 62,000. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.

Bí ẹ̀tù ti ń yára jó sí ni ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Bí ihá ti ń gbiná lẹ́ẹ̀kan náà tí ó sì ń kú, tí ìtì igi líle sì ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ di òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tù rí. Èyí tí ó yára jù yóò ti kó ipá rẹ̀ jọ pátápátá kí ọta tó rìn jìnnà. Èyí tí ó lọ́ra jù yóò ṣì máa jó nígbà tí ọta ti jáde lẹ́nu ọ̀pá. Ààrin méjèèjì ni ti .30-30 wà. Mo sì fẹ́ràn ẹ̀tù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìkarahun idẹ, nítorí pé bí a bá ṣèèṣì rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò tú sílẹ̀ lójú ẹni tí ń rọ ọ́, ewu tí ìbá sápamọ́ yóò sì hàn gbangba.

IMR 3031 jẹ́ àgbà láàárín àwọn ẹ̀tù tí ó bá .30-30 mu, láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ọdẹ ti ń lò ó. Ọ̀pá wẹ́wẹ́ ni, kì í sì í rọrùn láti gba inú ẹ̀rọ ìrọ̀tù kọjá, nítorí náà orí òṣùwọ̀n ni mo ń gbé e lé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Winchester 748 rí róbótó ní tirẹ̀, ó sì ń ṣàn geere. LEVERevolution, tí ilé-iṣẹ́ Hodgdon ń tà, ń fi kún eré ọta láìjẹ́ kí ipá kọjá òpin, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn mi yàn ni H4895. Ìran ẹ̀tù tí a ṣe fún ìbọn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Bruce Hodgdon ra èyí tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìjọba, tí ó sì ń tà á fún àwọn tí ń di kátíríìjì nínú ilé wọn. Ooru Texas kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìwà rẹ̀ padà, òtútù oṣù Kejìlá náà kì í sì í yí i. Èyí tí mo fi gba tirẹ̀ jù lọ ni pé ó ṣeé dín kù lọ́nà tí ilé-iṣẹ́ náà là sílẹ̀, tí yóò sì tún jó délẹ̀, tí ọ̀dọ́langba tí ó ń kọ́ ìbọn yíyìn yóò lè fi èjìká rẹ̀ gbà á láìbẹ̀rù.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kí ó wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, nínú agolo tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìwé òdiwọ̀n tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀tù tẹ̀ jáde ni kí a ṣí, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí a sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi igbá tí a fi ń wọn ẹ̀tù dúdú wọn ẹ̀tù aláìléèéfín láéláé, nítorí ọ̀pá a máa bẹ́, ojú a sì máa fọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní ń le koko.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ògún tí ẹ ń gbé ìbọn oníléfà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ariwo àti eré nìkan tàn yín jẹ. Àgbọ̀nrín tí ọta bá ní ibi tí ó yẹ kì í béèrè bí ọta náà ti sáré tó. Ẹ̀tù tí ó bá ìbọn mu, tí ó ń ṣe bákan náà ní ọjọ́ gbogbo, òun ni ẹ̀tù tí ó dára jù. Òun ni kí ẹ yàn.