Àríwísí lórí Fífi Òòfà Wo Omi inú Ewé

Ní 1946 ni Bloch àti Purcell fi hàn pé kókó átọ́ọ̀mù háídírójìn a máa fọhùn láàárín òòfà. Omi ni Bloch lò, páráfíìnì ni Purcell lò. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún wíwo omi inú ewé láìsá ewé gbẹ. Àǹfààní yìí kò kéré.

Ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń fún àmì náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Bí ìgbì rédíò bá ti jí omi, àmì rẹ̀ a máa kú díẹ̀díẹ̀: ti àpò omi ńlá àárín sẹ́ẹ̀lì a máa pẹ́, ti ibi tí ó há, bí ara ògiri sẹ́ẹ̀lì, a tètè kú. Wọ́n wá ń pín ìlà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n ń fi orúkọ ibùgbé pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó fi ibùgbé náà hàn wọ́n? Ìlà kan náà lè gba ìpín méjì tàbí mẹ́rin, kí ìṣirò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé bákan náà. Omi pàápàá kì í jókòó sójú kan; bí ó bá la awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá kí àmì rẹ̀ tó kú, omi ibùgbé méjì a di ohùn kan. Afẹ́fẹ́ àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tún ń da òòfà rú, ó ń gé ẹ̀mí àmì kúrú.

Nígbà tí ewé bá rọ nínú ọ̀dá, tí àmì tí ó ń pẹ́ sì kúrú, ṣé àpò omi ni ó súnkì ni, àbí awọ ni ó ń jò? Òòfà nìkan kò lè dáhùn. Ní èrò tiwa, "omi tí àmì rẹ̀ ń pẹ́" ni kí wọ́n máa kọ, títí wọn yóò fi wo ewé kan náà lábẹ́ maikirosíkóópù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò ní láti gé e.