Ayò Kan Sí Òdo: Lámèyítọ́ Lórí Eré Dodgers àti Cubs, 1965

Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, ẹgbẹ́ Los Angeles Dodgers na Chicago Cubs ní ayò kan sí òdo ní pápá Dodger Stadium, lójú òǹwòran 29,139. Sandy Koufax ló ń ju bọ́ọ̀lù fún Dodgers, Bob Hendley ló ń jù ú fún Cubs. Ọlọ́wọ́ òsì ni àwọn méjèèjì. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, abala mẹ́sàn-án ni eré máa ń ní, ènìyàn mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ jáde kí ẹgbẹ́ tó ń lu bọ́ọ̀lù tó fún ìkejì láyè. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí Koufax dojú kọ ló jáde tẹ̀léra, láìsí ẹyọ ẹnì kan tó fẹsẹ̀ kan béèsì kìíní. Ọ̀dọ̀ Koufax nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ eré náà, àmọ́ ènìyàn méjì ló ṣe é: iṣẹ́ Hendley ló sọ ayò kan ṣoṣo di ọ̀wọ́n gógó.

Àkókò náà gbe àwọn ajubọ́ọ̀lù. Òkìtì tí wọ́n ń dúró lé ga tó ínṣì 15, bọ́ọ̀lù sì ń ti òkè já bá ẹni tó di igi mú. Ní 1963, àwọn aláṣẹ tún fẹ àyè tí rẹfirí ń kà sí ojú ọ̀nà títọ́, láti orúnkún títí dé orí èjìká. Dodgers kò ní ọ̀pọ̀ alágbára tó ń lu bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà. Ẹsẹ̀ yíyá àti ọgbọ́n ni wọ́n fi ń wá ayò.

Abala karùn-ún fi èyí hàn. Hendley ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin tó yà kúrò lójú ọ̀nà sí Lou Johnson, òfin sì fún un ní béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Ron Fairly kò gbìyànjú àtilu bọ́ọ̀lù jìnnà. Ó rọra fi igi gbà á sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ jáde, Johnson sì bọ́ sí béèsì kejì. Kò pẹ́ tí Johnson fi ki eré mọ́lẹ̀ láti jí béèsì kẹta. Chris Krug, tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn igi fún Cubs, sọ ọ́ sí Ron Santo, tó ń ṣọ́ béèsì kẹta. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí Santo wọ apá òsì pápá, Johnson sì sáré délé. Bí ayò ṣe wọlé nìyẹn, kí Dodgers tó lu bọ́ọ̀lù kan tó gbé wọn dé béèsì. Ní abala keje ni Johnson kan náà lu èyí tó rọra já bọ́ sí apá ọ̀tún, tó sì gbé e dé béèsì kejì. Kò sí òmíràn ní gbogbo eré náà, kò sì di ayò.

Oríṣi bọ́ọ̀lù méjì ni Koufax gbójú lé. Ọ̀kan ń yára wọlé bí àṣá, àfi bí ẹni pé ó ń gòkè sí i. Èkejì ń tẹ̀, ó sì ń já wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá ń retí ọ̀kan ni èkejì máa ń mú. Mẹ́rìnlá ló jáde láì lè lu bọ́ọ̀lù dénú pápá. Ernie Banks, ògbóǹtarìgì alùbọ́ọ̀lù, jáde bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Dípò kí ó rẹ Koufax, àwọn mẹ́fà tó kẹ́yìn pátá ló lé jáde lọ́nà kan náà. Krug wà lára wọn. Harvey Kuenn, tí wọ́n fi rọ́pò Hendley láti lu bọ́ọ̀lù, ló kádìí eré náà.

Ẹni tó bá ń ka ayò nìkan lè ní eré náà gbẹ. Ṣùgbọ́n níbi tí ayò ti ṣọ̀wọ́n, kò sí ìgbésẹ̀ tó kéré: bọ́ọ̀lù mẹ́rin tó yà àti ẹyọ ìjùsí kan tó ṣì ló gba eré lọ́wọ́ Cubs. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, àwọn ajubọ́ọ̀lù méjèèjì tún pàdé ní Chicago, Hendley sì borí ní 2 sí 1. Ní 1969, nígbà tí ayò ti wọ́n jù, àwọn aláṣẹ dín òkìtì kù sí ínṣì 10, wọ́n sì dín ojú ọ̀nà náà kù. Àǹfààní tí ìgbà fún Koufax, ó fún Hendley náà. Ohun tó ya àwọn méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ náà kò ju ẹsẹ̀ Johnson àti ọwọ́ Krug lọ.